Búṣì tí kì í jẹ́ kí kálàmù ṣe wẹ́kú: ẹ̀yin tí ẹ ń fi léètì ṣe kálàmù, ẹ gbà mí

Ọmọ Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo ti fi léètì (ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè fá a) ṣe kálàmù bíi méjìlá báyìí. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà ni mo ń ṣe é: màá lẹ páìpù idẹ mọ́ inú igi, màá ki í bọ ọ̀pá mandrel (ọ̀pá irin tó ń gbé igi yí lórí ẹ̀rọ), màá fi búṣì (òrùka irin kékeré tó ń di igi mú) há a lọ́tùn-ún lósì, màá wá máa fá igi náà títí yóò fi bá búṣì dọ́gba. Lórí ẹ̀rọ, kò sí ohun tó dáa tó o. Tí mo bá fi ìka tọ́ ọ, ó ń yọ̀ láti orí búṣì bọ́ sórí igi. Àmọ́ tí mo bá to kálàmù náà pọ̀ tán, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin ẹnu kálàmù ga ju igi lọ, òrùka àárín sì wọlẹ̀ sí igi. Tí mo bá fi eékánná wọ́ ọ, ó ń kọ́. Ẹni tí mo fún ní ọ̀kan nínú wọn kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Lánàá mo lọ yá kálípà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó. Búṣì méjì tó yẹ kó jẹ́ ìbejì, ọ̀kan jẹ́ mílímítà 8.36, èkejì jẹ́ 8.21. Irin ẹnu kálàmù fúnra rẹ̀ jẹ́ 8.43! Kò sí èyí tó bá a mu nínú méjèèjì.

Ohun mìíràn tún wà. Igi kan wà tí apá kan rẹ̀ ga ju òrùka lọ, tí apá kejì sì wọlẹ̀, lára kálàmù kan náà. Ṣé búṣì ló fa ìyẹn náà? Ṣé kí n ra òmíràn ni, àbí ọwọ́ mi ló burú?

Ojú Òṣùwọ̀n

Ọwọ́ rẹ kò burú, àbúrò. Wàhálà méjì ló lọ́ mọ́ra wọn lọ́dọ̀ rẹ, jẹ́ ká kọ́kọ́ tú wọn. Ibi tí igi ti ga ju irin lọ yíká, tàbí tó kéré sí i yíká, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n nìyẹn. Ibi tí apá kan ti ga tí apá kejì sì wọlẹ̀, igi náà kò yí láti oókan àárín rẹ̀ nìyẹn, ìwọ̀n kọ́. Àwọn tí ẹ̀rọ yé jù mí lọ á bá ọ sọ ìyẹn. Ti ìwọ̀n ni kí n sọ.

Búṣì kò sí lára kálàmù. Tó o bá ṣiṣẹ́ tán, inú àpótí ló ń padà sí. Irin ẹnu, òrùka àárín, ìdérí tó di kílíìpù mú, àwọn wọ̀nyí ló máa fara kan igi rẹ, àwọn sì ni kó o wọ̀n. Látìgbà tí èyí ti yé mi, ohun tó ń di igi mú lásán ni búṣì jẹ́ lọ́wọ́ mi. N kì í béèrè ibi tí màá fá igi dé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Kí n tó gbé igi sórí ẹ̀rọ rárá, màá tú sẹ́ẹ̀tì kálàmù náà sórí aṣọ, màá tò ó bó ṣe máa rí nígbà tó bá parí. Gbogbo ibi tí irin ti máa pàdé igi, ibẹ̀ gan-an ni màá fi kálípà gbá mú, ní etí tó máa kan igi, kì í ṣe ní ikùn irin, torí púpọ̀ nínú wọn ló tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu tó sì tóbi láàárín. Màá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, màá yí i díẹ̀, màá tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà màá ya igi méjèèjì tó para pọ̀ di kálàmù sórí bébà, màá kọ iye mẹ́rin sí orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn. Bébà yẹn ni mo ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ níwájú mi. Sẹ́ẹ̀tì tuntun, bébà tuntun, kódà bí orúkọ sẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ń ṣe búṣì lọ́tọ̀, wọ́n ń ṣe irin kálàmù lọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè kó sanra díẹ̀ tàbí kó tín-ín-rín díẹ̀. Wọ́n á tún wá fi wúrà tàbí kúróòmù bo irin kálàmù lórí, ìbòrí yẹn náà ní bó ṣe nípọn tó. Nígbà tí búṣì bá sì dé ọwọ́ wa, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣísẹ́lì ń hó o, sáńpépà ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tá a bá ń ra igi, torí sáńpépà kò mọ ibi tí igi parí sí. Kálàmù méjìlá ti tó láti jẹ búṣì.

Wo ìṣirò tìrẹ: 8.43 yọ 8.21, ó kù 0.22. Pín in sí méjì, 0.11 ni irin fi ga ju igi lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Irun orí èèyàn sábà máa ń wà láàárín 0.05 sí 0.1 ní nínípọn. Ohun tó ju irun orí lọ lo ń fi eékánná kọ́ yẹn.

Eruku Igi

Tuntun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ o! Mo ja ọ̀rá búṣì kan lọ́jọ́ kan, n kò tíì fi wọ́n ṣe nǹkan kan, mo wọ̀n wọ́n, ọ̀kan fi 0.1 ju irin kálàmù lọ. Nítorí náà rírà òmíràn nìkan kọ́ ni. Tó o bá sì ní ju sẹ́ẹ̀tì búṣì kan lọ, fi fáìlì dá àmì sí wọn létí: ẹyọ kan fún ti sẹ́ẹ̀tì yìí, méjì fún ti ìyẹn. Wọ́n jọra púpọ̀ jù, bí wọ́n bá dà pọ̀ nínú àpótí, ojú kò lè yà wọ́n.

Arugbó Léètì

Ojú Òṣùwọ̀n ti sọ tirẹ̀ yanjú. Kí n mú apá kejì.

Ọmọ mi, tí apá kan bá ga tí apá kejì wọlẹ̀, kọ́kọ́ wo ọ̀pá mandrel kó o tó dá búṣì lẹ́bi. Ọ̀pá yẹn kò ju bíi mílímítà 6 lọ ní ìbú, ó sì gùn gbọọrọ. Tó o bá fún nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ le jù, tàbí tó o fi agbára yí ìdí ẹ̀rọ (apá ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ti ẹnu ọ̀pá) mọ́ ọn, yóò tẹ̀ láàárín bí ọrun tí wọ́n fà. Igi á ṣì rí róbótó lójú rẹ, torí ọ̀bẹ ń gé e bó ṣe ń yí. Ṣùgbọ́n páìpù inú rẹ̀ kò sí láàárín mọ́: ara igi nípọn ní apá kan, ó fẹ́lẹ́ ní apá kejì. Ọjọ́ tí irin kálàmù bá wọ inú páìpù náà ni àṣírí máa tú.

Mú búṣì rẹ wá síbi ìmọ́lẹ̀, kó o wo ara rẹ̀. Tí ṣísẹ́lì bá ti hó o yíká, ọwọ́ rẹ ló kàn án. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń dán, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì dúdú bó ṣe wà, búṣì yẹn ń jó lórí ọ̀pá nígbà tó o ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bó o ṣe máa mọ ẹni tó jẹ̀bi rèé. Tú gbogbo rẹ̀, fi ọ̀pá nìkan sórí gíláàsì tó tẹ́jú, fi ìka yí i lọ yí i bọ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀ tó sì tún ń pa dé, ó ti tẹ̀. Tí ọ̀pá bá tọ́, dá a padà sórí ẹ̀rọ, ki búṣì bọ̀ ọ́, fún un ní ìwọ̀nba. Fi ọwọ́ yí i, má tan ẹ̀rọ. Di pẹ́ńsù mú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan búṣì, ibi tó ga lára búṣì á gba àmì pẹ́ńsù. Wàyí o, tú nọ́ọ̀tì, yí búṣì nìkan ní ìdajì lórí ọ̀pá, fún un padà, kó o tún fi pẹ́ńsù kàn án. Tí àmì kejì bá bọ́ sórí àmì àkọ́kọ́, ihò búṣì kò sí láàárín búṣì. Tó bá bọ́ sí òdìkejì, ọ̀pá ló ń gbé e lọ, kì í ṣe ẹ̀bi búṣì.

Wo orí igi náà pẹ̀lú. Tí o kò bá gé orí igi kó gún régé pẹ̀lú páìpù, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni búṣì yóò fi jókòó. Bó o bá sì ti fún nọ́ọ̀tì, ó máa fa ọ̀pá sí apá ibẹ̀. Gbé búṣì sórí rẹ̀, gbé e kojú ìmọ́lẹ̀: kò gbọdọ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ìṣù gúlúù kékeré kan tó gbẹ sínú ẹnu páìpù náà tó ṣe é. Sáńpépà tí o ká róbótó bíi sìgá, tó o fi nu inú rẹ̀, á kó o kúrò. Má gé orí igi kọjá ibi tí idẹ bá ti kọ́kọ́ dán yíká o. Tó o bá gé páìpù kúrú, ẹnu kálàmù á yọ ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó má wọlé tán.

Nọ́ọ̀tì: ìka ni kó o fi fún un. Ìdí ẹ̀rọ: tí ṣóńṣó rẹ̀ bá ti ń bá ọ̀pá yí, ó tó.

Ọmọ Iṣẹ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe é.

Lórí gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ ọ̀pá mi láàárín, ó tẹ̀ lóòótọ́. Pílíyà ni mo fi ń fún nọ́ọ̀tì látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìka ni. Mo ti fi òmíràn tó tọ́ rọ́pò rẹ̀. Àyẹ̀wò pẹ́ńsù wá fi hàn pé búṣì 8.21 yẹn tún ní ẹjọ́ tirẹ̀: àmì kejì bọ́ sórí àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Tí mo bá sì ki í bọ ọ̀pá, ó ń mì díẹ̀ kí n tó fún un. Èkejì kò mì.

Ó ti yé mi báyìí pé kálípà ni kí n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe sí eléyìí tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín?

Onírin

Jù ú nù, ìyẹn kò ní àtúnṣe. Kí n wá sọ ohun tó mú èmi kúrò nínú gbogbo ìyọnu yìí.

Rò ó wò. Àyè díẹ̀ wà láàárín ọ̀pá àti ihò búṣì, bí kò bá sí, kò ní wọlé. Àyè díẹ̀ wà láàárín búṣì àti páìpù. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ lè má jókòó dáadáa nínú orí ẹ̀rọ, apá tó ń yí i. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbè síra wọn, wọ́n á pọ̀ tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Èmi yọ ọ̀pá kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Mo ń yí igi láàárín ṣóńṣó méjì: ọ̀kan tí kì í dá yí ní orí ẹ̀rọ, ọ̀kan tó ní bẹ́ríìnì ní ìdí ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì jẹ́ dígírì 60. Búṣì tí mo ń lò ní ihò tó fẹ̀ lẹ́nu bí àrọ, òun náà ní dígírì 60, ṣóńṣó á wọ inú rẹ̀ wẹ́kú, á sì wá àárín fúnra rẹ̀. Igi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nọ́ọ̀tì, kò sí ohun tó ń tẹ̀.

Adùn rẹ̀ tó wù mí jù ni pé mo lè fa ìdí ẹ̀rọ sẹ́yìn, yọ igi, fi irin kálàmù gan-an kàn án lójú, kí n sì dá a padà, yóò sì yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó gbìyànjú rẹ̀. Ṣóńṣó tó bá ẹ̀rọ igi wá kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ dígírì 60. Òmíràn dà bí ife tó ní abẹ́rẹ́ láàárín, ìyẹn kò wúlò fún èyí. Èkejì, irú búṣì tó ní ihò gbọọrọ lásán, tí kò fẹ̀ lẹ́nu, ṣóńṣó á kàn máa jẹ ẹ́ létí ni, kò ní pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ẹ̀kẹta, mo rí àwọn tó ń ti ṣóńṣó bọ páìpù idẹ tààrà láìlo búṣì rárá. Ó ń ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ bá fúyẹ́. Tí ọwọ́ bá wúwo, ẹnu páìpù á là bíi ti kàkàkí, irin kálàmù á wá ṣe gbẹ̀dẹ̀ nínú rẹ̀.

Tí orí ẹ̀rọ rẹ bá lè di chuck (irin tó ń há nǹkan mú) mú, o kò nílò láti ra ṣóńṣó iwájú. Há irin tàbí idẹ kékeré kan sínú rẹ̀, fá a di ṣóńṣó dígírì 60 níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí o kò bá yọ ọ́, àárín rẹ̀ kò lè ṣìnà, torí orí ẹ̀rọ yẹn náà ló bí i. Tó o bá yọ ọ́, fá a díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó o bá dá a padà.

Búṣì náà, mo ń ṣe tèmi lórí léètì irin. Ihò rẹ̀, apá tó ń wọ páìpù, àti ara rẹ̀ lóde, lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ń gé gbogbo rẹ̀ láìtú u sílẹ̀. Bó o bá tú u, tó o yí i padà, o ti sọ àárín rẹ̀ nù. Mo sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fá ara rẹ̀ lóde kó kéré ju irin kálàmù lọ dáadáa, bíi mílímítà kan. Ṣísẹ́lì kì í rí i kàn, sáńpépà kì í rí i jẹ, ojú mi kì í sì í tàn mí pé mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Kálípà nìkan ló kù.

Arugbó Léètì

Onírin sọ òótọ́, mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀pá mandrel kò burú fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Irú ìdí ẹ̀rọ oníhò kan wà tí ọ̀pá ń gba àárín rẹ̀ kọjá, tó jẹ́ pé búṣì gan-an ló ń tì, kì í ṣe ẹnu ọ̀pá. Bó o ṣe ń yí i mọ́ ọn, igi ló ń há, ọ̀pá kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, kò sì tẹ̀. O kò nílò nọ́ọ̀tì mọ́ rárá. Ọ̀pá tó tọ́, búṣì tí ihò rẹ̀ ṣe wẹ́kú, orí igi tó gún régé, èmi ṣe kálàmù púpọ̀ bẹ́ẹ̀ tí eékánná kò kọ́.

Mo gbà pé fún ẹni tó ń lo igi líle olówó iyebíye, ti Onírin dára jù. Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ ní láti mọ ohun tó ń mú ọ̀pá jó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gbé àṣìṣe rẹ̀ lọ sáàárín ṣóńṣó méjì náà ni. Orí igi tí kò gún kì í gún nítorí pé ọ̀pá kò sí.

Onírin

Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ti orí igi yẹn, n kò lè jiyàn.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ parí nígbà tí ṣísẹ́lì bá dúró. Àbúrò, kí lo fi ń dán igi rẹ? Torí tó bá jẹ́ súpà gúlù lo ń kùn, a kò tíì dé ibi tí ìwọ̀n ti ń bàjẹ́ jù.

Súpà gúlù ní nínípọn. Ẹni tó bá fá igi bá irin dọ́gba gẹ́lẹ́, tó wá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, igi rẹ̀ á ga ju irin lọ. Òrùka àárín rẹ tó wọlẹ̀ sí igi yẹn, ibẹ̀ ni mo fura sí. Iye tí yóò fi kún un kò jẹ́ bákan náà lọ́wọ́ ẹni méjì, torí náà má gba iye lọ́wọ́ mi tàbí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mú igi àlòkù kan, fá a, wọ̀n ọ́n. Kùn ún bó o ṣe máa ń kùn ún, rà á, dán an títí yóò fi tán bó o ṣe máa ń ṣe é. Tún un wọ̀n. Tèmi bẹ̀rẹ̀ ní 8.30, ó parí ní 8.46. 0.16 ni ọwọ́ èmi ń fi kún igi. Nítorí náà tí irin bá jẹ́ 8.43, mo ń dá ṣísẹ́lì àti sáńpépà dúró ní 8.27, súpà gúlù á bá mi rìn ìyókù. Ẹni tó ń fi epo tàbí ìda lásán nu igi kò nílò gbogbo èyí, ìyẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nínípọn tí kálípà lè rí.

Yọ búṣì irin kúrò kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Súpà gúlù á lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, bó o ṣe ń fà á yọ, gúlù tó o kùn á ṣí létí bí èèpo. Búṣì oníke ṣóńṣó wà tí gúlù kì í lẹ̀ mọ́, Delrin ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, òun ni mo ń fi rọ́pò rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ irin nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, kí o tó tú u, fi ẹnu ṣísẹ́lì tó mú la ojú ibi tí igi ti pàdé búṣì, díẹ̀díẹ̀, yíká. Ó máa ya wọ́n láìṣẹ́ létí.

Ọ̀rọ̀ sáńpépà lórí búṣì, kì í ṣe pé ó ń jẹ búṣì nìkan. Èérí irin dúdú yẹn ń wọ inú igi. Nínú igi funfun, ó máa ń fa àbààwọ́n eérú sí orí méjèèjì, kò sì ṣe é fọ̀. Mo ti pàdánù igi funfun dáadáa kan báyìí, n kò gbàgbé rẹ̀. Ohun mìíràn ni pé igi rọ̀ ju irin lọ. Tó o bá ń fi sáńpépà gun orí méjèèjì, irin á dá sáńpépà dúró, igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì jẹ wọlé, yóò di kòtò kékeré ní etí búṣì gẹ́lẹ́. Kálípà tó ní ẹnu tín-ín-rín ló lè bá ọ rí i. Dá ẹ̀rọ dúró, fi sáńpépà rà á ní gígùn rẹ̀, kó o sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ̀ létí.

Tó o bá ń fi omi rà á, fi gúlù dí orí méjèèjì igi náà kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń mu omi jù, tó bá mu ún, ó wú.

Ṣí fèrèsé tó o bá ń kun súpà gúlù o, èéfín rẹ̀ ń ta ojú àti imú.

Ọmọ Iṣẹ́

Súpà gúlù ni, ẹ̀gbọ́n. Bíi lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ni mo máa ń kùn ún. N kò fìgbà kankan rò ó pé ó ní nínípọn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, báwo ni kí n ṣe máa wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀rọ láìba igi jẹ́? Èkejì, àwọn kálàmù tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, ṣé wọ́n ṣì ṣe é tún ṣe, pàápàá èyí tí mo ti fún èèyàn?

Ojú Òṣùwọ̀n

Dá ẹ̀rọ dúró kó o tó wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbé kálípà lé igi bó ṣe ń yí, má ṣe é, igi lè gbá a mú kó jù ú sí ọ lójú. Nu ẹnu kálípà mọ́, pa á dé, kó sọ òdo kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ eruku kan láàárín ẹnu rẹ̀ tó láti yí iye padà. Má fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, kí ó ṣáà fara kàn án.

Ní tèmi, tó bá ku 0.3 kí n dé ibi tí mo ń lọ, màá gbé ṣísẹ́lì sílẹ̀. Sáńpépà ló ń jẹ ìyókù, màá sì máa wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo tí mo bá pààrọ̀ sáńpépà. Orí méjèèjì ni mo kọ́kọ́ ń mú dé ìwọ̀n, lẹ́yìn náà ni mo ń so wọ́n pọ̀ láàárín. Tó o bá jẹ́ kó gbóná lábẹ́ sáńpépà, dúró kó tutù kó o tó gba ohun tí kálípà sọ, pàápàá tó bá jẹ́ ike dípò igi. Ike ń wú nínú ooru. Igi tí kò tíì gbẹ dáadáa náà burú, o lè fá a lónìí kó ṣe wẹ́kú, kó sì yí padà di bí ẹyin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àṣìṣe yẹn, kò sí búṣì tó lè gba ẹ̀bi rẹ̀.

Eruku Igi

Ti kálàmù àtijọ́: ó ṣe é tún ṣe, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Fi rọ́bà tín-ín-rín gbá ẹ̀yà tó ń yí níkùn rẹ̀ mú, fà á jáde. Lẹ́yìn náà fi ọ̀pá irin gbọọrọ tó lè wọ páìpù ti irin ẹnu jáde láti inú, fi òòlù kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀, má gbá a. Fi aṣọ tẹ́ ibi tó máa jábọ́ sí. Tí igi bá kéré sí irin, súpà gúlù ni kó o fi sún un wá síwájú, ohun tí Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ sọ pé ó ń ba ìwọ̀n jẹ́ yẹn náà ló máa gbà ọ́ níbí. Tó bá ga ju irin lọ, rà á wọlé, kó o sì tún un kùn.

Èyí tí apá kan ga tí apá kan wọlẹ̀, kò ní àtúnṣe gidi. O lè fi sáńpépà jẹ etí rẹ̀ díẹ̀ kó rọ̀ lọ́wọ́, eékánná kò ní kọ́ bíi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú á ṣì máa rí i. Ṣe òmíràn.

Ọmọ Iṣẹ́

Mo padà dé o.

Mo ju búṣì yẹn nù. Mo fi igi àlòkù wo bí ọwọ́ mi ṣe ń kun súpà gúlù, 0.12 ló fi kún un. Mo ya bébà mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Ní ẹnu, tí irin rẹ̀ jẹ́ 8.43, mo dúró ní 8.31. Mo kùn ún, mo dán an, mo wọ̀n ọ́n: 8.44. Mo fi ìka fún nọ́ọ̀tì, mo yẹ orí igi wò kojú ìmọ́lẹ̀ kí n tó ki búṣì bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo tò ó pọ̀ tán, mo fi eékánná wọ́ ọ láti irin bọ́ sórí igi, mo tún un wọ́ padà. Mo pa ojú dé, mo tún un wọ́. N kò mọ ibi tí irin parí sí.

Ní òrùka àárín, igi ṣì fi díẹ̀ kéré, bíi 0.04. Etí tí Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀ ni, mo pẹ́ jù níbẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà. Màá ṣọ́ ọ nínú èyí tó ń bọ̀.

Mo bẹ ẹni tí mo fún ní kálàmù níjọ́ yẹn pé kó yá mi. Mo tú u, ẹnu rẹ̀ jẹ́ 8.19, mo kùn ún títí ó fi dé 8.43. Ó gba ọjọ́ méjì gbáko. Mo dá a padà fún un lánàá. Ó gbà á, ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kan, ó sì fi í sápò. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò dé ojú ibẹ̀ rárá.